Àbúrò Mi, Má Jẹ̀ẹ́ Kí Fíìmù Rẹ Kú Sínú Hard Drive

Àbúrò mi, mo fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan kí o tó lọ yá kámẹ́rà. Mo mọ̀ pé inú rẹ ń dùn. Olùkọ́ yín ti fọwọ́ sí ìtàn rẹ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń pè ọ́ ní dírẹ́kítọ̀, o sì ti ń fojú inú rí orúkọ rẹ níbi tó ti ń gòkè lójú ògiri. Ó yẹ kí inú rẹ dùn, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ sòótọ́ ọ̀rọ̀: lókéṣọ̀n kọ́ ni ọ̀pọ̀ fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ ń kú sí. Inú hard drive ni wọ́n ń kú sí, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti kí ara wọn kú iṣẹ́, tí wọ́n ti ya fọ́tò ìrántí tán, tí kálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ. Owó ti tán, ó ti rẹ gbogbo yín, ìdánwò ti dé, èdítọ̀ kò gbé ìpè mọ́. Bí iṣẹ́ ṣe ń dúró nìyẹn, tí oṣù á máa gorí oṣù.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o mú ìparí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí o bá ti ń ro ìtàn ni kí o ti máa ro ẹni tó máa gé e, ibi tí owó àtúntò ohùn máa ti wá, àti ọjọ́ tí àwọn èèyàn máa jókòó wò ó. Nínú 100 náírà tó bá wọlé, yọ 40 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá yàwòrán tán. Má fi owó yẹn sọ́wọ́ ara rẹ. Kó o fún ẹni tí ojú á tì ọ́ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó àkókò, ìyá rẹ, tàbí àǹtí kan tí kì í gbàgbé nǹkan. Lọ gba gbọ̀ngàn ẹ̀ka yín sílẹ̀ pẹ̀lú, kí o sì kéde ọjọ́ tí ẹ máa fi fíìmù náà hàn kí ẹ tó ya ìran àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí o bá ti dá fún àwọn òbí rẹ àti olùkọ́ rẹ, o ò ní fẹ́ kó yẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ó wá di orí ìtàn. Tí a bá kọ ìwé eré bó ṣe yẹ, ojú ìwé kan máa ń tó bí ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán. Ojú ìwé 8 sí 10 ti tó akẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ìtàn náà gùn lọ́kàn rẹ: ìyá ọmọbìnrin náà kú, bàbá rẹ̀ fẹ́ ìyàwó míì, ọ̀rọ̀ ogún di ìjà, ó sá lọ sí Èkó, ó rí já jẹ. Mú ọjọ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tó máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ò padà sílé-ìwé mọ́, ìyẹn nìkan tó fíìmù. Àwọn tó ń fún ni ní ẹ̀bùn Oscar pàápàá, fíìmù tí kò bá ju ìṣẹ́jú 40 lọ, títí kan àwọn orúkọ tó ń gòkè níparí, ni wọ́n ń pè ní fíìmù kúkúrú. Àwọn tó sì ń yan fíìmù fún àjọ̀dún fíìmù máa ń tètè rí àyè há ti ìṣẹ́jú 8 mọ́ ju ti ìṣẹ́jú 35 lọ.

Kọ ohun tí ọwọ́ rẹ tó. Tí àǹtí rẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, kọ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, ibi méjì, ojúmọmọ. Tí o bá ti kọ ìran alẹ́, o ti pe iná. Tí o bá ti pe iná, o ti pe jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló sì máa ba ohùn rẹ jẹ́. Ìran òjò, ìran ìjàǹbá ọkọ̀, ìran ìgbéyàwó tí èrò pé sí, gbé wọn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. O ṣì máa ṣe wọ́n.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan lórí èdè. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń kọ ìwé eré ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ó wá ní kí òṣèré máa yí i sí Yorùbá lójú kámẹ́rà. Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nílé ló máa ń jáde. Wo iṣẹ́ Túndé Kèlání. Ó Le Kú tó gbé jáde ní 1997 àti Ṣaworoidẹ ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló wà nídìí ọ̀rọ̀ inú wọn, òǹkọ̀wé tó mọ bí ọ̀dọ́ ṣe ń bá ara wọn ṣàwàdà, tó sì mọ bí ìjòyè ṣe ń fi òwe ta ko ọba. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn fíìmù yẹn fi wà lẹ́nu èèyàn títí dòní. Ìwọ lè má ní Ìṣọ̀lá nítòsí, ṣùgbọ́n o ní ìyá àgbà. Ka ìwé eré rẹ sí i létí. Ibi tó bá ti ní, “Àwa kì í sọ bẹ́ẹ̀,” fàlà sí i, kí o sì ní kó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, inú ìyá àgbà náà á sì dùn.

Ní ti àwọn tí ẹ jọ máa ṣiṣẹ́, ẹ ṣe é ní àáró, bí àwọn bàbá wa ṣe ń bá ara wọn ro oko. Èèyàn mẹ́fà nínú kíláàsì ti tó. Lọ́sẹ̀ yìí gbogbo yín wà lẹ́nu fíìmù tìrẹ, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ìwọ lo máa di máìkì mú nínú ti ẹlòmíì. Owó á dínkù, ẹ̀tanú á dínkù, ẹni tó bá sì mọ̀ pé ọjọ́ tòun náà ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n má fi ara rẹ ṣe alábòójútó ohun gbogbo. Wá ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa mọ ẹni tó ti dé, ibi tí oúnjẹ wà, ọwọ́ ta ni lẹ́tà àṣẹ wà. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ lórí fóònù nítorí omi inú ọ̀rá nígbà tí òṣèré rẹ ń sunkún lójú kámẹ́rà, iṣẹ́ méjèèjì ló máa bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, àwa obìnrin la jọ ń sọ ọ́. Àwọn ọmọkùnrin kan máa wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ kámẹ́rà ju ìwọ lọ, wọ́n á sì fẹ́ gba fíìmù mọ́ ọ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ní ọ́ sínú. Má bá wọn jà lójú èrò. Pe ẹni tó ń yàwòrán jókòó ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ jọ wo ibi tí ẹ ti máa yàwòrán, kó sọ gbogbo èrò rẹ̀, kí ìwọ náà sọ tìrẹ, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àti pé, mọ ọjọ́ oṣù rẹ kí o tó mú ọjọ́ iṣẹ́, kí o má baà máa fara da inú rírun nínú oòrùn. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí o wọ̀, kí o fi fìlà tàbí ìborùn bo orí, kí o jẹun kí o tó jáde nílé. Kí gbogbo yín kúrò lókéṣọ̀n kó tó di aago 6 ìrọ̀lẹ́. Tí ó bá pọn dandan kí ẹ pẹ́, kí ọmọbìnrin kankan má dá wọkọ̀ lọ sílé. Owó ọkọ̀ yẹn, fi í sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó kan òṣèré. Mú ẹni tó ń tètè dé síbi ìdánrawò, má wulẹ̀ mú ẹni tó rẹwà tí kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Ohun tí ẹ bá jọ ṣàdéhùn, kọ ọ́ sórí ìwé: ọjọ́ iṣẹ́, oúnjẹ, owó ọkọ̀, orúkọ wọn níparí fíìmù, ẹ̀dà kan fún kálukú, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé wọ́n gbà kí o lo àwòrán àti ohùn wọn. Àwọn kan máa ń rò pé àìfọkàntán ni. Rárá o, òun ló ń dáàbò bo ọ̀rẹ́. Ọjọ́ tí àjọ̀dún kan bá béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ, òṣèré rẹ lè ti wà ní Kánádà.

Sọ ọ̀rọ̀ irun fún àwọn òṣèré rẹ obìnrin, má tijú. Mo rí i níbi iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan: ọmọbìnrin náà fi ṣùkú ya ìran ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ Sátidé, ó lọ síbi àríyá ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tó fi máa padà wá ya ìran inú yàrá ní Mọ́ńdè, irun dídì tó gùn dé ẹ̀yìn ló wà lórí rẹ̀. Nínú fíìmù, ẹsẹ̀ kan ló wà láàárín ìta àti inú yàrá. Ìborùn ni wọ́n fi bò ó, tí wọ́n tún lọ ya ìgbà tó ń so ìborùn náà mọ́ orí kún un. Ya fọ́tò òṣèré kọ̀ọ̀kan síwájú àti sẹ́yìn kí ìran kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí: irun, yẹtí, bọ́tìnnì tó ṣí, ọwọ́ tó fi gbé báàgì. Ẹnì kan ni kó máa ṣe é, kí fọ́tò wà lórí fóònù kan ṣoṣo.

Aṣọ náà ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ó Le Kú jáde, ìró kúkúrú àti bùbá inú rẹ̀ tún gba ìgboro, títí di ìsinsìnyí orúkọ fíìmù yẹn náà la fi ń pè é. Aṣọ tó mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n lò, ìyẹn lo ń wá. Ṣùgbọ́n yẹra fún aṣọ tí ìlà rẹ̀ wẹ́wẹ́ jù, torí ó máa ń mì lójú kámẹ́rà, àti funfun báláú lábẹ́ oòrùn. Gèlè tó le àti dàmáàsìkì máa ń pariwo bí èèyàn bá ti yí orí. Ní kí òṣèré wọ̀ ọ́, kó rìn, kó jókòó, kí o sì tẹ́tí.

Ó yẹ kí o lọ wo ibi tí ẹ máa lò ní wákàtí náà gan-an tí ẹ máa lò ó. Jókòó, di ojú rẹ, kí o gbọ́. Ṣé ẹ̀rọ ata wà nítòsí? Ṣé ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wà lẹ́yìn ògiri? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé, aago mélòó ni wọ́n ń pe ìrun? Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Gba lẹ́tà àṣẹ láti ẹ̀ka yín, tó ní òǹtẹ̀, kí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ mú un dání ní gbogbo ìgbà. Àwọn ọmọ àdúgbò náà, lọ bá olórí wọn ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù nínú yín bá wọn sọ̀rọ̀, kí ohun díẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún wọn nínú ìṣirò owó.

Lọ́jà, má yọ kámẹ́rà jáde kí o tó rí Ìyálọ́jà. Lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí àtẹ bá ti ń palẹ̀ mọ́. Kúnlẹ̀ dáadáa. “Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ajé á wọgbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, a fẹ́ wá ya fíìmù kékeré kan lọ́la, wákàtí méjì péré, a ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.” Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, dáhùn tìfẹ́tìfẹ́, torí inú ìbéèrè yẹn ni ìyọ̀ǹda wà. Bí wọ́n bá ti gbà, àwọn fúnra wọn ló máa bá ọ lé àwọn ọmọdé tó ń jùwọ́ sí kámẹ́rà. Níwájú àtẹ tí ẹ bá dúró sí, ra ọjà níbẹ̀. Ata tí ẹ bá rà, òun náà lẹ máa fi se oúnjẹ òṣìṣẹ́.

Má sì fi oúnjẹ ṣeré. Bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá kò gbé èèyàn dé aago 4. Sọ fún ẹnì kan nílé kó se ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, kó dé kí ebi tó pa wọ́n. Ara tó bá jẹun máa ń ní sùúrù fún àtúnṣe.

Kámẹ́rà ńlá kò pọn dandan. Fóònù tó dáa lè ṣe é, tí o bá mọ bí o ṣe máa tò ó. Iná mànàmáná wa ní Nàìjíríà ń lu ní 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà yan 25 fún iye àwòrán inú ìṣẹ́jú àáyá, kí o sì fi ìyára ojú kámẹ́rà sí 1/50; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gílóòbù inú yàrá lè máa ṣẹ́jú nínú àwòrán rẹ. Ti ìmọ́lẹ̀ pa sójú kan kó má máa dá yí padà fúnra rẹ̀. Pa nẹ́tíwọọ̀kì fóònù kí ìpè má wọlé láàárín ìran. Nu ojú lẹ́ńsì, pàápàá nígbà ọyẹ́, eruku á ti bò ó kí o tó mọ̀. Ojú fèrèsé ni iná rẹ tó dára jù, tí kò sì gbówó lọ́wọ́ rẹ: gbé òṣèré súnmọ́ ọn, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Níta, òwúrọ̀ kí oòrùn tó gun orí àti ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn aago 4 ni ojú èèyàn máa ń dára. Ya gbogbo ibẹ̀ látòkèèrè kí o tó súnmọ́, kí o sì ya ọwọ́, ya ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ya ìlẹ̀kùn. Àwọn wọ̀nyí ni èdítọ̀ máa fi gba ọ́ là.

Ohùn ni mo fẹ́ kí o fún ní ọkàn rẹ jù lọ. Èèyàn máa ń gbà fún àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́, wọn ò ní dárí rẹ̀ jì ọ́. Wọ́n á kàn yọ fóònù wọn. Máìkì orí kámẹ́rà jìnnà jù. Máìkì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹnu, kó má jìnnà ju bí apá kan lọ, lókè orí tàbí nísàlẹ̀ àyà, ní ibi tí àwòrán kò dé. Tí o kò bá rí owó yá èyí tó ní ọ̀pá, so máìkì kékeré mọ́ fóònù mìíràn, fi fóònù náà sínú àpò òṣèré, kó máa gba ohùn. Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lójú kámẹ́rà nígbà tí ìran bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí o sì sọ nọ́ńbà ìran náà sókè; ìró àtẹ́wọ́ yẹn ni èdítọ̀ máa fi so ohùn mọ́ ẹnu. Ẹni tó ń gba ohùn gbọ́dọ̀ ní íápíìsì létí, kó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, “Ẹ dúró, ọkọ̀ ń kọjá.” Má bínú sí i. Òun ni ọ̀rẹ́ rẹ jù níbẹ̀.

Pa fáànù, kí gbogbo yín làágùn. Yọ bátìrì aago ògiri. Fíríìjì ńkọ́? Etí tìrẹ ti mọ́ ọn lára, o ò gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n máìkì ń gbọ́ ọ, ó ń hùn lábẹ́ gbogbo gbólóhùn ìfẹ́ tí o kọ. Yọ ọ́ lójú iná, kí o wá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ sínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja onílé. O ò lè wọ yàrá rẹ lálẹ́ láìkọ́kọ́ ṣí fíríìjì náà, ìgbà yẹn lo máa rántí pé ó yẹ kó padà sójú iná. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ń ṣe é lókè òkun, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbí bákan náà. Ẹja ò ní bàjẹ́, onílé á sì gbà yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun méjì tún wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe, tó sì máa ń dùn wọ́n tó bá di ìgbà àtúntò. Àkọ́kọ́, kí ẹ tó kúrò ní yàrá kan, kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kí máìkì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà fún ìṣẹ́jú kan. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀, òun lẹ máa fi dí àlàfo níbi tí ẹ bá ti gé nǹkan. Ìkejì, tí ọkọ̀ tàbí igbe ìpolówó bá ba ọ̀rọ̀ kan jẹ́, má sọ pé ẹ máa tún un gbà lọ́jọ́ mìíràn. Níbẹ̀ gan-an, kí òṣèré tún sọ ọ̀rọ̀ náà láìsí kámẹ́rà, nínú ìmí kan náà, nígbà tí ẹkún tàbí ìbínú ṣì wà lọ́fun rẹ̀. Ohùn tó bá gbà ní yàrá ọ̀rẹ́ rẹ lóṣù mẹ́ta sígbà yẹn kò lè jọ ọ́ láé.

Nígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́ ọjọ́ kan, má sùn kí o tó da gbogbo rẹ̀ sí ibi mẹ́ta: hard drive méjì, tí wọn kì í gbé inú ilé kan náà, àti ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni má pa mẹ́mórì káàdì rẹ́ àyàfi tí èèyàn méjì bá ti ṣí fáìlì náà wò pé ó pé. Ṣọ́ ẹni tí o bá kó o fún pẹ̀lú. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí, Hubert Ògúndé àti Adé Love, máa ń gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú fúnra wọn, torí wọ́n mọ ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀dà kan yọ. Ọ̀run Móoru tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, fi owó gọbọi ṣe ní 1982, àwọn olè jí i dà kọ, gbèsè ńlá ló sì kó ọkùnrin tó ti pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín yẹn sí. Fíìmù tìrẹ kéré sí ti Bàbá Sàlá, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí o ní ló wà nínú rẹ̀.

Lálẹ́ yẹn kan náà, kọ ìlà mélòó kan sínú ìwé kan: ohun tó lọ dáadáa, ohun tí o máa yí padà, ẹni tó yẹ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ rẹ máa béèrè ìròyìn iṣẹ́, àwọn mìíràn máa ń fi ọjọ́ kan péré wá gbogbo rẹ̀ látinú ọpọlọ. Tìrẹ á ti wà nílẹ̀.

Àtúntò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá yàwòrán tán. Níbí ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, níbí ló sì wúwo sí jù. Bí o bá sọ pé kí o sinmi díẹ̀ ná, ìsinmi yẹn ló máa ń di ọdún. Ètò kọ̀ǹpútà DaVinci Resolve ní irú èyí tí wọn kì í gbowó lé, ó sì tó fún gígé, ohùn, àti àwọ̀. Tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ kò bá lágbára, ní kó ṣe ẹ̀dà kékeré àwọn àwòrán náà, kí o fi ìyẹn ṣiṣẹ́, tó bá di ìparí kí o pe àwọn ńlá padà. Ìgékalẹ̀ àkọ́kọ́ máa burú. Ti gbogbo èèyàn ló ń burú. Á gùn, á fà, wàá rò pé gbogbo owó náà ti ṣòfò, wàá sì fẹ́ pa láàpútọ́ọ̀pù dé. Fara dà á, jókòó tì í, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìran tí o ti náwó ọkọ̀ jù fún lè jẹ́ ìran tí fíìmù kò nílò. Yọ ọ́.

Tó bá ti ń lójú, pe ẹni tí kò sí lókéṣọ̀n wá wò ó, kì í ṣe òṣèré rẹ, kì í ṣe ọ̀rẹ́kùnrin rẹ. Má wo àwòrán, òun ni kí o máa wò. Ibi tó bá ti fọwọ́ kan fóònù, kọ ìṣẹ́jú náà sílẹ̀. Ibi tó bá ti tẹ̀ síwájú lórí àga, má fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́. Ohun tó máa fi ẹnu sọ fún ọ, torí ó fẹ́ràn rẹ, kò lè tó ìyẹn.

Orin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Má fi orin ẹlòmíì sínú fíìmù láìgba àṣẹ, ó ti há ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà àjọ̀dún. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, ti 2022, ń dáàbò bo iṣẹ́ olórin títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 2010 ni Síkírù Àyìndé Bárístà, olórin fújì, kú. O rí i pé ọ̀nà ṣì jìn. Wá ọmọ onílù kan nínú ẹ̀ka orin, jẹ́ kó fi gángan tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe nǹkan tí kò gùn, fún un ní owó díẹ̀, kó fọwọ́ síwèé, orúkọ rẹ̀ á sì jáde ní lẹ́tà gàdàgbà. Àkọlé fíìmù rẹ náà, jọ̀wọ́, fi àmì ohùn sí i bó ṣe tọ́. Yan irú lẹ́tà tó gba ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì lórí wọn, bíi Noto Sans, kí ojú má tì wá lójú ògiri. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ náà, fún ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa ṣe, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn tí àwọn ará ilé àti àwọn olùkọ́ bá ti wò ó nínú gbọ̀ngàn, fún òṣèré àti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ́ ni. Ẹni tó bá rí tirẹ̀ gbà máa wá nígbà míì tí o bá pè é. Ẹni tí kò bá rí i á sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Má tíì gbé e sí YouTube, torí àwọn àjọ̀dún kan kì í gba ohun tí gbogbo ayé ti wò. Orí ìkànnì FilmFreeway ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gba fíìmù. Nítòsí ilé, àjọ̀dún AFRIFF ti wà láti 2010, tó bá sì jẹ́ ìtàn òtítọ́ lo ṣe, wo àjọ̀dún iREP ní Èkó. Ka ìlànà wọn, wo ọjọ́ tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn, kí o sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò gbowó ná. Wọ́n lè má gbà á. Tún fi ránṣẹ́ síbòmíì.

Tó bá sì jẹ́ pé o ti ya tìrẹ tán láti ọdún tó kọjá, tó wà nínú hard drive lábẹ́ aṣọ nínú àpótí, ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó gbé ọjọ́ wọn fún ọ ṣì ń retí rẹ̀, wọn kàn ń tijú láti béèrè ni. Gbé e jáde lọ́sẹ̀ yìí, da á sí ibi mẹ́ta, pe èdítọ̀ náà, tí kò bá gbé ìpè, wá ẹlòmíì, kí o sì lọ gba gbọ̀ngàn.